Ọ̀fẹ́, èènì àti òmìnira: irú Office wo ló yẹ kó wà lórí kọ̀ǹpútà wa?

Ọjọ́ méjì ló kù kí ìdánwò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Màmá kan gbé láàpútọ́ọ̀pù wọ ṣọ́ọ̀bù mi lójú ọ̀nà Òkè-Ajé, n'Íjẹ̀bú-Òde. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ní lápá Odògbolú, wọn kì í sì í ná kọ́bọ̀ láìbéèrè ohun tó rà. Wọn ò tíì jókòó tán tí wọ́n ti ṣí i síwájú mi.

"Ọmọ mi, Word yìí ń ṣí o, mo sì ń rí gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbà kí n tẹ ẹyọ lẹ́tà kan mọ́. Ṣé fáírọ́ọ̀sì ni?"

Kì í ṣe fáírọ́ọ̀sì. Ìlà pupa kan ti nà gbọọrọ lókè ojú ìwé náà, ó ń sọ pé Office tó wà níbẹ̀ kò ní ìwé àṣẹ. Bí Office bá ti rí báyìí, yóò jẹ́ kí ẹ ka fáìlì, yóò jẹ́ kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà, ṣùgbọ́n kò ní gbà kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ tuntun tàbí kí ẹ tún ti àtijọ́ ṣe.

"Free ni ẹni tó ta ẹ̀rọ fún mi pè é," ni Màmá wí.

Mo rẹ́rìn-ín, torí pé ọ̀rọ̀ "free" yìí ti kó wàhálà bá àwọn oníbàárà mi ju iná mànàmáná lọ. Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe nǹkan mẹ́ta mẹ́rin. Àwa kì í ṣi wọ́n mú bí a bá dé ọjà. Èyí tí wọ́n bù sí ọ lọ́wọ́ kí o lè mọ bó ṣe rí lẹ́nu, ìtọ́wò ni. Èyí tí ìyá onígààrí bù lé e lẹ́yìn tó wọn tìrẹ tán, èènì ni. Èyí tí wọ́n fún ọ tòun ti àṣẹ láti ṣe é bó o ṣe fẹ́, òmìnira ló bá a wá. Èyí tí wọ́n jí wá, ẹ mọ orúkọ tó ń jẹ́. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà nínú ọ̀rọ̀ Office, "free" sì ni wọ́n ń pe gbogbo wọn.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí Office jẹ́ fún ẹni tí kò dá a lójú. Àkójọ irinṣẹ́ ni: ọ̀kan fún títẹ lẹ́tà àti ìwé, ọ̀kan fún ìṣirò nínú àpótí àpótí, ọ̀kan fún àwòrán tí à ń fi han àwùjọ lára ògiri. Ti Microsoft ni gbogbo èèyàn mọ̀, Word, Excel àti PowerPoint. Kì í ṣe òun nìkan ló wà, bí gbogbo ọṣẹ ìfọṣọ ṣe ń jẹ́ Omo lẹ́nu wa náà ló ṣe rí.

Ìtọ́wò ni èyí tó sábà máa ń bá láàpútọ́ọ̀pù tuntun dé. Ẹ ó rí Word níbẹ̀, ẹ ó lò ó fún bí oṣù kan, lẹ́yìn náà yóò béèrè owó. Kò sí ẹ̀tàn nínú ìyẹn, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, àwa ni a kì í kà á.

Ti Màmá kì í ṣe ìtọ́wò. Kíráàkì ni ẹni tó tà á fún wọn fi ṣí i. Kíráàkì ni ètò kékeré tó ń parọ́ fún Office pé wọ́n ti sanwó. Èmi náà ti fi sí ẹ̀rọ oníbàárà rí, mi ò ní purọ́, kí ojú mi tó là. Ohun tó là á ni pé lọ́pọ̀ ìgbà, kí kíráàkì tó lè ṣiṣẹ́, wọ́n á ní kí o kọ́kọ́ pa ohun tó ń lé fáírọ́ọ̀sì lórí ẹ̀rọ náà. Ẹ so ajá ilé mọ́lẹ̀ kí àlejò tí ẹ ò mọ̀ rí lè ráyè wọlé! Nọ́ńbà fóònù àwọn òbí wà lórí láàpútọ́ọ̀pù yẹn, àti orúkọ ọmọ ọlọ́mọ, Màmá sì tún ń fi í wọ báńkì. Bó bá sì di ọjọ́ tí Microsoft tú àṣírí kíráàkì náà, ìlà pupa ni ẹ ó bá lókè, ọjọ́ yẹn kì í sì í wo ìdánwò.

Èènì ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kù. Microsoft fúnra wọn ní Word àti Excel kan tí ẹnikẹ́ni lè lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsanwó, bó bá ti ní àkáǹtì lọ́dọ̀ wọn. Google Docs náà wà, ibi ìpamọ́ 15 GB tí ẹ ó máa fi pa fáìlì, ímeèlì àti fọ́tò mọ́ sì bá a wá. Méjèèjì dára gan-an bí èèyàn mẹ́ta bá fẹ́ jọ kọ ìwé kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti Ṣàgámù, Èkó àti London. Ṣùgbọ́n dátà ni oúnjẹ wọn. WPS Office, tí ilé iṣẹ́ Kingsoft ti ilẹ̀ China ń ṣe, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì kó tó ṣiṣẹ́, ó fúyẹ́, ó sì jọ Word bí ìbejì. Ìpolówó ọjà ni ẹ ó máa rí níbẹ̀, àwọn yàrá kan sì wà tó jẹ́ pé olówó nìkan ni wọ́n ń ṣí i fún. Mi ò bú èènì. Mo kàn ń rán yín létí pé ọwọ́ ìyá onígààrí ni èènì wà: bó bá bu kíún lónìí, tí kò bu rárá lọ́la, kò sí ẹjọ́ tí ẹ fẹ́ bá a rò.

Ó wá ku òmìnira, òun ni mo sì fẹ́ kí a jókòó tì. LibreOffice ni orúkọ rẹ̀, àwọn ará Faransé àti Sípéènì ló sì ni ọ̀rọ̀ "libre" yẹn: ẹni tó wà lómìnira. Ẹni tó bá gbà á lè lò ó nílé, ní ṣọ́ọ̀bù, ní ilé ìwé, kó fi pa owó. Ó lè fi í sórí ẹ̀rọ ọgọ́rùn-ún. Ó lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ fún ará àdúgbò. Bó bá mọ iṣẹ́ kóòdù, ìyẹn kíkọ àwọn àṣẹ tí ẹ̀rọ ń tẹ̀lé, ó lè tú inú rẹ̀ wò, kó sì tún un ṣe. Èmi wà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láti libreoffice.org, nǹkan bíi 350 MB, mo fi sínú fláàṣì, ẹ̀rọ tí mo ti fi fláàṣì yẹn kàn kò níye mọ́. Kò sí òfin kankan tí mo rú. Ẹni tó bá gbé fláàṣì tí Microsoft Office wà nínú rẹ̀ rìn irú ìrìn yẹn ti rú òfin kó tó dé Ìta-Òṣù.

Ẹnìkan á ní, "Tí kì í bá gba owó, ta ló ń bọ́ àwọn tó ń ṣe é?" Ìbéèrè ọmọ Ìjẹ̀bú gidi nìyẹn. Ìtàn rẹ̀ ló máa dáhùn. Ọmọ Jámánì kan, Marco Börries, dá ilé iṣẹ́ Star Division sílẹ̀ ní 1985 nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. StarOffice ni ọjà wọn, títà ni wọ́n ń tà á. Sun Microsystems ti Amẹ́ríkà ra ilé iṣẹ́ náà ní 1999, nígbà tó di 2000 wọ́n ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ó sì di OpenOffice.org. Oracle wá ra Sun ní 2010. Ọkàn àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà kò balẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá tuntun, nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn, wọ́n kó jáde, wọ́n dá The Document Foundation sílẹ̀, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Berlin, wọ́n sì sọ ẹ̀dà tiwọn ní LibreOffice. Olówó ra ilé, kò rí ọ̀nà ibẹ̀ rà. Ọrẹ àwọn aráyé ló ń gbé àjọ náà dúró, àti àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gba owó lọ́wọ́ ìjọba àti iléeṣẹ́ ńlá láti bá wọn tún un ṣe, kí wọ́n sì dúró tì wọ́n. OpenOffice ṣì wà o, lábẹ́ àjọ kan tó ń jẹ́ Apache, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó ń lọ níbẹ̀ ti dín kù púpọ̀. Ẹ má gbé e.

Ẹ má sì rò pé nǹkan tálákà ni. Àwọn ọlọ́pàá Gendarmerie ti ilẹ̀ Faransé ti bẹ̀rẹ̀ sí lo OpenOffice láti 2005. Ní 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Schleswig-Holstein ní àríwá Jámánì pinnu pé LibreOffice ni yóò wà lórí nǹkan bíi 30,000 kọ̀ǹpútà àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Ní Jámánì kan náà, ìlú Munich tó ti kúrò lọ́dọ̀ Microsoft tẹ́lẹ̀ pinnu ní 2017 pé àwọn ń padà síbẹ̀. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn fún ẹnikẹ́ni.

Ibi tí kò ti rọrùn gan-an ni ibi tí fáìlì ti ń kọjá láti ọwọ́ ẹnìkan sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wá láti Àgọ́-Ìwòyè lọ́dún tó kọjá láti tẹ próòjẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jáde. Ojú ìwé 67 ni nílé. Nígbà tí mo ṣí i, ó di 71. Orí Kẹta tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ lójú ìwé 31 ti sún lọ sí 33, àtẹ ìsọ̀rí tó wà níwájú sì ń parọ́. Ó bojú wò mí bíi pé mo jí nǹkan. "Ẹ̀gbọ́n, LibreOffice yín ti ba iṣẹ́ mi jẹ́." Mo gbé fláàṣì rẹ̀ lọ sórí ẹ̀rọ kejì tí Word 2016 tí mo sanwó fún wà. Níbẹ̀ náà, kò jẹ́ 67.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín. Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì docx kan, ẹ yí "docx" tó wà nídìí orúkọ rẹ̀ sí "zip", ẹ wá ṣí i. Ẹ ó rí i pé ẹrù tí a dì ni: fódà kan tó ń jẹ́ word, fáìlì document.xml nínú rẹ̀, àwọn àwòrán yín ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ọ̀rọ̀ yín wà níbẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ: nǹkan yìí kí ó tóbi, èyí kí ó dúdú, lẹ́tà báyìí ni kí ẹ lò. Ojú ìwé kankan kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá ṣí fáìlì ló ń tẹ̀lé àṣẹ náà, òun ló sì ń pín ọ̀rọ̀ sí ojú ìwé. Lẹ́tà, ìyẹn fóòǹtì, kì í sábà sí nínú ẹrù náà, ẹ̀rọ ló ní láti ní in.

Fóòǹtì dà bíi kóńgò. Ẹ wọn gààrí kan náà pẹ̀lú kóńgò méjì tí ìdí ọ̀kan ti wọnú, iye kóńgò tí ẹ máa rí kò ní dọ́gba, gààrí ò sì lè dín. Word tuntun tí akẹ́kọ̀ọ́ yẹn ń lò ti fi Aptos ṣe fóòǹtì ìbẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi 2023, kò sì yí i padà. Kóńgò yẹn kò sí ní ṣọ́ọ̀bù mi, kò sí lọ́dọ̀ LibreOffice, kò sí lọ́dọ̀ Word 2016. Oníkálukú bá mú kóńgò tó wà nítòsí rẹ̀. Mo yí gbogbo iṣẹ́ náà sí Times New Roman, mo ní kí àtẹ ìsọ̀rí tún ara rẹ̀ kà, ẹ̀rọ méjèèjì sì sọ ohun kan náà.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ràn nínú ọ̀ràn yìí. Lórí Linux, ètò tí àwọn kan fi ń darí kọ̀ǹpútà wọn dípò Windows, níbi tí fóòǹtì Calibri àti Times New Roman kò ti sí, LibreOffice máa ń gbé Carlito àti Liberation Serif jáde dípò wọn. Wọ́n dìídì ṣe àwọn wọ̀nyí kí fífẹ̀ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lè bá ti àkọ́kọ́ mu rẹ́gí. Orúkọ kóńgò yàtọ̀, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà.

Docx fúnra rẹ̀, 2007 ló wọ Office. Doc ló wà ṣáájú rẹ̀. LibreOffice ní ìdì tirẹ̀, odt, ods àti odp, tí àjọ ISO ti gbà gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n àgbáyé ní 2006. Wọ́n gba ti Microsoft náà ní 2008. Word lè ṣí odt, LibreOffice lè ṣí docx. Lẹ́tà ìpè regbéregbé fún Ojúde Ọba, ìwé ìdánwò, ìwé ètò ìsìnkú, kò sí èyí tí mi ò tíì fi LibreOffice ṣe, kò sì sí oníbàárà tó mọ̀. Bí iṣẹ́ bá ti parí, tó sì jẹ́ pé kíkà nìkan ló kù, PDF ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Ojú ìwé PDF kì í sún.

Excel ńkọ́? Ìlà 1,048,576 ni Excel gbà lójú ìwé kan, iye kan náà ni Calc ti LibreOffice gbà, ilé ìwé kankan n'Íjẹ̀bú kò sì ní ọmọ tó tó bẹ́ẹ̀. Ìṣirò máàkì, àròpọ̀, ipò kìíní dé ìkẹyìn, gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ibi tí omi ti wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀ ni macro, ìyẹn àwọn àṣẹ tí ẹnìkan kọ sínú fáìlì Excel kí iṣẹ́ lè máa ṣe ara rẹ̀. Èdè VBA tí Microsoft fi ń kọ ọ́, LibreOffice gbọ́ díẹ̀, kò gbọ́ tán. Bí akáwọ́ǹtáǹtì yín bá ń fi irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ láti Èkó, bọ́tìnì á wà lójú yín, ẹ ó tẹ̀ ẹ́, nǹkan kan lè má ṣẹlẹ̀. Irú ẹni yẹn ni mo máa ń sọ fún pé kó lọ sanwó. Lọ́yà tí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ ń fi pẹ́ẹ̀nì pupa tún ìwé àdéhùn kan náà ṣe nínú Word lọ síwá sẹ́yìn, kí òun náà sanwó. LibreOffice ní pẹ́ẹ̀nì pupa tirẹ̀, wọ́n sì gbọ́ ara wọn yé dé àyè kan, àmọ́ owó tó wà nínú àdéhùn náà ju owó Office lọ.

Sísan owó náà pín sí oríṣi méjì. Microsoft 365 dà bí owó ilé: oṣooṣù tàbí lọ́dọọdún, ẹ̀yà tuntun máa ń wọlé fúnra rẹ̀, ti ìdílé sì gba èèyàn mẹ́fà. Ọjọ́ tí owó bá tán, ẹ ó lè kà, ẹ ò ní lè kọ. Èkejì ni Office 2024, tó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún náà: ẹ rà á lẹ́ẹ̀kan fún ẹ̀rọ kan, kò sì ní dà bí ẹni ń san owó ilé mọ́. Wọn ò ní fi ohun tuntun kún un, àtúnṣe ààbò rẹ̀ yóò sì dáwọ́ dúró ní 2029. Ìyẹn kì í ṣe àsọdùn, torí pé ti Office 2016 àti 2019 dáwọ́ dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá 2025, ọjọ́ kan náà tí ti Windows 10 dúró. Word 2016 inú ṣọ́ọ̀bù mi ń bẹ nínú rẹ̀. Owó mi ni mo fi rà á, ó sì ti darúgbó lójú mi báyìí.

Àwọn tó ń kọ Yorùbá máa ń bi mí èwo ló mọ àmì ohùn sí jù. Ọgbọọgba ni wọ́n. Ẹ tẹ 1ecd, ẹ wá tẹ Alt àti X pa pọ̀, ọ ni yóò dà. 1eb9 ń di ẹ, 1e63 ń di ṣ. Bí ẹ bá fẹ́ àmì òkè lórí rẹ̀, ẹ tẹ 0301 tẹ̀ lé e, kí ẹ tún tẹ Alt àti X. 0300 ni ti ìsàlẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ nínú Word, ó ń ṣiṣẹ́ nínú LibreOffice. Ní ti iná tó ń lọ lójijì, méjèèjì máa ń fi ẹ̀dà iṣẹ́ yín pa mọ́ fúnra wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá bí ẹ ò bá fọwọ́ kàn án. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti pọ̀ jù níbi tí à ń gbé. Méjì ni mo sọ tèmi dà.

Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀, wọ́n ní, "Nínú ẹ̀rọ mẹ́jọ tí mo ní, èló ni mo máa san?" Mo ní kí wọ́n sanwó fún ẹyọ kan, ti akáwọ́ǹtáǹtì wọn, torí fáìlì owó oṣù tó kún fún macro. Méje tó kù, mo pa ohun gbogbo tó wà níbẹ̀ rẹ́, mo tún Windows wọn ṣe, mo fi LibreOffice sí i. Tíṣà kan ráhùn pé ojú rẹ̀ kò jọ Word. Mo wọ View, mo wọ User Interface, mo mú Tabbed fún un, ó sì dákẹ́.

Ọjọ́ kẹta Màmá pè mí. Òbí kan ní ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp kò ṣí lórí fóònù òun. Odt ni wọ́n ti fi í pa mọ́. Mo ní kí tíṣà náà wọ Tools, kó wọ Options, kó wá Load/Save, kó tẹ General, kó lọ sí ibi tí wọ́n kọ "Always save as" sí, kó mú ti Word. "Ó ti rí i," ni Màmá wí, "ó ní iye orúkọ tó wà níbẹ̀ pọ̀, èwo ni kóun mú?" Mo ní èyí tí wọ́n kọ 2010–365 sí lára. Mo gbọ́ tí wọ́n ń ka nọ́ńbà náà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan.